Kíbọ́ọ̀dù Abẹ́ Tábìlì

Mi ò ra kíbọ́ọ̀dù. Gbèsè ló gbé e wá bá mi.

Ní ìparí ọdún 2020, ọmọkùnrin kan kó aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Arákàlẹ̀, níhìn-ín ní Àkúrẹ́, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo Ọjà Ọba bí ẹni pé inú ọjà gan-an la jókòó sí. Mo rán mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, mo lọ̀ wọ́n, mo ká wọn sínú láílọ́ọ̀nù. Nígbà tó dé láti kó wọn, ìdajì owó ló mú wá. Ó ní ìnáwó ti gbé òun mì, pé tí wọ́n bá ti ṣe é tán lòun máa san ìyókù, kí n jọ̀ọ́ di ohun tó wà nínú ọkọ̀ òun mú títí dìgbà náà. Kíbọ́ọ̀dù Yamaha tókùnbọ̀ kan ló gbé sílẹ̀ fún ìdógò, eyín mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí wọ́n ti fi sẹlotéèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Mo tì í sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ìnáwó kọjá. Ọdún Àjíǹde kọjá. Àjákù aṣọ bò ó mọ́lẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹta ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Iná ti lọ láti àárọ̀, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ sílé, òjò àkọ́rọ̀ sì dá mi dúró. Níbi tí mo ti ń wá àbẹ́là lábẹ́ tábìlì ni ọwọ́ mi kan eyín rẹ̀. Mo rántí pé mo ti rí àyè bátìrì lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ankara borí, mo ré títì kọjá, mo ra bátìrì ńlá mẹ́fà. Bí ẹ bá bi mí ìdí tí mo fi ná owó yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò lè sọ. Òkùnkùn máa ń mú èèyàn ṣe nǹkan.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Mo ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà láti ọmọ ọdún méjìlá, alto ni mò ń gbé, kò sì sí ohun tó ṣàjèjì sí mi nínú sol-fa, ọ̀nà tí a fi ń kọ orin ní dò, re, mí. Obìnrin olùkọ́ kan nílùú Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yẹn, John Curwen ló tún un ṣe tó fi tàn kálẹ̀, ìjọ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, àwa náà sì sọ ọ́ di tiwa débi pé olórí akọrin tí kò ka nótì rí lè kọ́ odidi ìjọ lórin olóhùn mẹ́rin. Nítorí náà mo rò pé mo ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Irọ́ pátápátá. Ẹnu mi ló mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tó le jù fún àgbàlagbà nìyẹn, etí wa ti dàgbà ju ọwọ́ wa lọ. Ọmọ ọdún méje tó bá ń tẹ dùùrù ò mọ̀ pé ohun tóun ń tẹ̀ ò dára. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń gbá a lọ. Èmi ti ń gbọ́ orin láti kékeré, mo mọ èyí tó dùn. Kí ọwọ́ mi tó parí ohun tó ń ṣe, etí mi ti dá a lẹ́jọ́, ó ti dá a lẹ́bi. Alẹ́ ọjọ́ kẹta tí mo gbé e lọ sílé, ọkọ mi yọjú láti yàrá, ó ní, "Ìyá Tóbi, ṣé eku ló ń sáré lórí dùùrù yẹn ni?" Mo pa á. Odidi ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò tún fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan rò pé àwọn ń tù mí nínú. Wọ́n á ní ṣebí Fatai Rolling Dollar ti lé ní àádọ́rin ọdún kí orin rẹ̀ tó tún gbòde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀. Wọ́n bí i ní 1927, ó ti ń ta jìtá kí wọ́n tó bí mi. Ó padà sídìí ohun tó ti mọ̀ ni. Èmi ò ní ibi tí mo fẹ́ padà sí.

Oǹdó ni mo ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, láti 1992 sí 1995. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, a ò fọwọ́ kan aṣọ. Ìwé sìmẹ́ǹtì ni a ń gé, a ó sì máa wa máṣíìnì láìsí òwú nínú abẹ́rẹ́, lórí ìlà tí ìyá ọ̀gá wa fi bírò fà. Bí ihò abẹ́rẹ́ bá yà kúrò lórí ìlà, wọ́n á fún ọ ní ìwé mìíràn. Bí o kò bá wá lónìí, wọ́n á ránṣẹ́ sílé yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn, mi ò jókòó rí kí n bi ara mi léèrè bóyá ó ṣì wù mí. Ó wu ìyá ọ̀gá wa, ìyẹn ti tó. Àfi ìgbà tí mo dé ìdí kíbọ́ọ̀dù ni mo tó mọ bí ẹrù tí obìnrin yẹn bá wa gbé ṣe wúwo tó. Ẹni tó ń kọ́ ara rẹ̀, òun ni ọ̀gá, òun ni ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá náà ò sì mọ̀ ju ọmọ iṣẹ́ lọ. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ní ó rẹ òun, ọ̀gá á ní ó rẹ òun náà.

Nítorí náà ni mo ṣe sá lọ wá ọ̀gá lórí YouTube. Mo jẹ dátà bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ẹni yìí ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́ọ̀dù, ẹni tọ̀hún ní nótì ni kí n kọ́kọ́ kà, ẹnìkẹta ní òun á sọ mí di ògbóǹtarìgì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Oṣù méjì kọjá, mo ti wo ẹ̀kọ́ bí ogójì, mi ò lè tẹ orin kan dópin. Ohun kan ṣoṣo tí mo jèrè níbẹ̀ ni pé èèyàn lè dín eré fídíò kù sí ìdajì kó lè rí ìka ẹni tó ń tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo mú ẹnì kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo, mo pa àwọn yòókù tì.

Ohun tó kọ́kọ́ là mí lójú ni àwọn eyín dúdú. Méjì, àlàfo, mẹ́ta, àlàfo, méjì, mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ dé ìpẹ̀kun. Eyín funfun tó bá wà lápá òsì àwọn méjì yẹn ni C, ibikíbi tí o bá ti bá a. Ọjọ́ tí mo rí èyí, mọ́kànlélọ́gọ́ta di méjìlá péré tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, bí ìgbà tí o tẹ́ yáàdì mẹ́fà ankara sílẹ̀ tí o wá rí i pé àwòrán kan náà ni wọ́n tẹ̀ láti etí dé etí. Ọkàn mi balẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Àtàńpàkò ló wá fojú mi rí màbo. Ìka márùn-ún la ní. Tí o bá fi wọ́n tẹ dò, re, mí, fa, so, ìka tán, orin ò tán. Àbáyọ rẹ̀ ni pé lẹ́yìn mí, kí àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún yọ́ gba abẹ́ ìka àárín lọ tẹ fa, kí àwọn yòókù tún tò láti ibẹ̀. Ti ọwọ́ òsì yàtọ̀: ọmọńdinrín ló ń tẹ dò, tí àtàńpàkò bá dé orí so, ìka àárín á gorí rẹ̀ kọjá sórí la. Lẹ́nu, kò tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà mí. Nígbà tí mo wá ní kí ọwọ́ méjèèjì jọ ṣe é, ọwọ́ òsì ń wo ọwọ́ ọ̀tún bí àbúrò tó ń wọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tí tọ̀hún bá ṣe ni tibí náà ń ṣe.

Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló yọ mí. Mo rántí pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní Oǹdó, bí ẹsẹ̀ mi bá ń wa, ọwọ́ mi á gbàgbé aṣọ. Bí mo bá mú aṣọ dáadáa, ẹsẹ̀ á ṣì í wà, kẹ̀kẹ́ á yí padà sẹ́yìn, òwú á já. Lónìí mo lè máa ránṣọ kí n máa bá oníbàárà láti Àlàgbàká nájà, kí n tún máa bá ọmọ iṣẹ́ wí, ẹsẹ̀ mi ò ní ṣì í. Mi ò mọ ọjọ́ tó yé ẹsẹ̀ náà. Nítorí náà mo dá a padà sí ọ̀nà tí mo mọ̀: mo rán láìsí òwú. Mi ò tan kíbọ́ọ̀dù. Ọwọ́ òsì nìkan, lórí eyín tí kò dún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tí mo bá ń retí kí áyọ́ọ̀nù gbóná. Etí ò rí nǹkan kan dá lẹ́jọ́. Ohun tí ò ṣeé ṣe lálẹ́, mo máa ń jí bá a lówùúrọ̀ tó ti rọ̀ díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọpọlọ náà sọ pé oorun máa ń mú ohun tí a kọ́ dúró.

Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́ ló mú mi dúró.

Ìyá Ìbejì ń ta èlùbọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ilé ìwé wà ní ìsinmi, Kẹ́hìndé rẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, orin wo lẹ̀ ń tẹ̀ yẹn?" Kì í ṣe orin kankan. Ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo ní, "Orúkọ ẹ ni." Mo sì tẹ̀ ẹ́: mí, dò, mí.

Gbogbo wa la ti kọ́ èyí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ohùn àárín ni re, ohùn òkè ni mí. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti fi kọ orúkọ mi sójú pátákó, mi ò ronú kàn án pé mo lè gbé e lé orí dùùrù. Ọmọ náà dúró bí ẹni tí wọ́n fi omi tútù bù lára. Ó sáré lọ mú èkejì rẹ̀ wá. Táíwò: mí, mí, dò. Wọ́n fa Ìdòwú wá: dò, dò, mí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọmọ Arákàlẹ̀ ti ń tò lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni tó fẹ́ gba àbẹ́rẹ́ àjẹsára. Adéọlá, re mí re mí. Fọlákẹ́, re mí mí.

Ibi tí wàhálà ti dé ni pé mo tẹ mí mí, Wálé dìde, Bísí náà dìde. Délé tó wà nídìí omi lókèèrè sáré dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní òun ni mo pè, Bísí sì gbá Wálé létí lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí onígángan kì í fi pe orúkọ èèyàn ní ṣókí. Ó á fi oríkì tì í lẹ́yìn, á fa bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, títí ohùn náà á fi gùn débi tí kò fi ní lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. "Wálé, jókòó": mí mí mí dò mí. "Bísí, máa bọ̀": mí mí mí re dò. Wálé jókòó, Bísí bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lóòótọ́, kíbọ́ọ̀dù ò lè ṣe tó gángan. Nínú Kẹ́hìndé, ohùn máa ń yọ̀ láti òkè bọ́ sílẹ̀, á tún fà gòkè; onígángan á fún àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, ohùn á sì fà. Eyín kíbọ́ọ̀dù kì í fà. Ó ń fò láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì ni. Síbẹ̀ àwọn ọmọ gbọ́ orúkọ wọn.

Eré yìí ló kọ́ mi ní ohun tí ogójì fídíò ò lè kọ́ mi. Táíwò ní kí n pe òun ní ohùn kékeré, bíi ti ẹyẹ. Ìdòwú fẹ́ tiẹ̀ ní ohùn bàbá àgbà. Bí mo bá gbé dò kúrò lórí C sí D, mí bọ́ sórí eyín dúdú. Bí mo bá gbé e sí E, re àti mí ló bọ́ sórí eyín dúdú pọ̀. Láìmọ̀, mo ń kọ́ kíì kan, ìyẹn ibi tí dò wà, lẹ́yìn òmíràn nítorí àwọn ọmọ tí ò jẹ́ kí n sinmi. Lọ́jọ́ tó rẹ̀ mí, tó jẹ́ pé èmi nìkan ni, ǹ bá má jókòó sí i. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Kẹ́hìndé pé orúkọ rẹ̀ ò sí lónìí?

Láti orúkọ ni mo ti dé orí orin ìjọ, níbẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tí ẹnu mi ti ń kọ láti ọdún yìí wá tí mi ò fura sí. Ohùn orin Òyìnbó tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wa lé lórí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í bá ọ̀rọ̀ náà rìn. Ẹwà, re dò, bí orin bá gbé e ní dò dò, ẹ̀wà là ń kọ, tí a ń yin Olúwa fún oúnjẹ àárọ̀. Ní kékeré a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn àga, olórí akọrin á sì wò wá bí ẹni fẹ́ jẹ wá. Àwọn àgbà kan ti rí i tipẹ́. T. K. E. Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù àgbà ní Kàtídírà Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, sọ ọ́ di iṣẹ́ ara rẹ̀ pé kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ orúkọ yẹn rí nínú ìkéde orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò kà á sí. Ìka mi ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń jà fún.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ńkọ́? Mẹ́rin ni wọ́n. Oṣù méjì àkọ́kọ́, wọ́n ń díbọ́n bí ẹni tí ò gbọ́. Lọ́jọ́ kan, èyí tó kéré jù nínú wọn ní, "Ẹ má bínú o, ma, ibẹ̀ yẹn lẹ máa ń ṣì í ní gbogbo ìgbà." Ara mi gbóná. Ọmọ tí ò tíì lè gún zip sí ẹ̀yìn búláòsì kó má wọ́! Mo ṣí ẹnu láti dá a lóhùn, mo wá rántí pé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, mo ju síkẹ́ẹ̀tì kan sí i lójú, mo ní ibi kan náà ló máa ń bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà, ṣé kò ní ojú ni. Ó ní ojú. Èmi náà ní etí. Mo mọ ibi tí mo ti ń ṣì í, mo ń wo ìka náà bó ṣe ń lọ síbi tí kò yẹ, mi ò lè dá a dúró. Mo dákẹ́. Ọjọ́ kejì mo jókòó tì í, mo ní kó yọ òwú kúrò, kó máa wa ibi zip yẹn lórí ìwé. Mi ò ní sọ pé mo ti di ẹni jẹ́jẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè. Àmọ́ mi ò ju aṣọ sí ẹnikẹ́ni lójú mọ́.

Oníbàárà kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní FUTA ní kí n ra earpiece kí n má bàa máa da àdúgbò láàmú. Mo rà á, mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, mo yọ ọ́. Tí ẹnikẹ́ni ò bá gbọ́ mi, mo máa ń gbọ́ ara mi jù.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, onígbèsè mi dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àjákù aṣọ, ó ní Àbújá lòun wà, pé ojú ló ń ti òun. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ẹnfílóòpù. Ó gbójú sókè, ó rí kíbọ́ọ̀dù lórí tábìlì, ní ṣíṣí. "Mummy, ẹ ò tà á?" Ó jókòó sí i. Kí ni kí n sọ? Ọwọ́ méjèèjì ń lọ bí omi, máṣíìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró, Ìyá Ìbejì fi èlùbọ́ sílẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún méjì ló tẹ̀ jáde láìwo ìka. Orí mi wú, inú mi sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó tún un tẹ̀ láti orí C. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka sí bọ́tìnnì transpose, èyí tó ń gbé ohùn gbogbo eyín sókè tàbí sílẹ̀. Ó ní kíì F# nìkan lòun ń tẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́tìnnì ló ń bá òun ṣe èyí tó kù. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn díẹ̀.

Mo ní kó dá iye lé kíbọ́ọ̀dù, kí á yọ gbèsè kúrò nínú rẹ̀. A ná an títí, mo san ìyókù fún un, ẹnfílóòpù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi ohun kan ṣe ènì: kó sọ ohun tó ń ṣe ọwọ́ òsì mi. Ó wò mí bí mo ṣe ń tẹ̀, ó ní, "Ó ti pọ̀ jù, Mummy. Ẹ jẹ́ kó tẹ dò, kó dákẹ́, kó tẹ so, kó tún dákẹ́." Mo gbìyànjú rẹ̀. Ó dùn.

Bó ṣe ń jáde ni Kẹ́hìndé béèrè orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un, ó ré títì kọjá, ó ń pe ọlọ́kadà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn, àmọ́ ọmọ náà fi ìka kan tẹ re, mí, mí, dò, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè títí dé òpin. Onígbèsè mi bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì títì náà bojú wẹ̀yìn.